Ìrẹsì Tí Wọ́n Ní Wọ́n Tẹ̀ Lọ́dàá

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí mo jáde nílé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun Àsùbáà tán ni, Alhaji, ọkọ mi, sì ṣì jókòó sórí ẹní pẹ̀lú tẹ̀súbà lọ́wọ́. Ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni mo fẹ́ torí ọ̀rọ̀ ìrẹsì dé ìkángun ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Mo ní lóòótọ́ ni. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrẹsì, ọ̀fíntótó ni, pé bí wọ́n bá ní adìẹ kan ń sọ̀rọ̀ ní Ìlọrin, èmi ni mo máa kọ́kọ́ wọkọ̀ lọ bá a tàkúrọ̀sọ. N kò bá a jiyàn. Èdè Yorùbá ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ìrẹsì ni mo sì ń tà báyìí ní ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́bàá Old Garage. Iṣẹ́ méjèèjì ò gba ẹni tí kì í béèrè ọ̀rọ̀.

Kí ẹ lè mọ ohun tó gbé mi dìde, Ìyá Délé ló pè mí. Obìnrin Ìjẹ̀ṣà ni, onígbàgbọ́, àgbẹ̀ ìrẹsì ní Abà Ọlọ́sàn lẹ́yìn Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Láti ìgbà tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń ra ìrẹsì abẹ́lé lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kó o wá sí Òṣogbo, ọjọ́ tó bá sì kó o wá, ilé mi ló ń sùn. Ṣùgbọ́n láti ìparí ọdún tó kọjá kò kó hóró kan wá mọ́. Òjò dá lásìkò tó yẹ kó máa rọ̀, àkùrọ̀ rẹ̀ gbẹ, ìrẹsì rẹ̀ sì rọ kó tó gbó.

Nígbà tó wá pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, n kò retí ju kó sọ pé òjò ti padà. Ọ̀rọ̀ Délé ló bá mi sọ, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo. Délé àti Fúnmi, ọmọ Alàgbà kan ní Ìpetu, ti ń fẹ́ra wọn tipẹ́. Wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ìdána ló kù. Òjijì ni Alàgbà ní kí wọ́n dáwọ́ dúró ná. Ohun tó fà á ni pé Délé ń ṣiṣẹ́ ní oko kan tí àwọn oníwàádìí dá sí abà wọn, níbi tí wọ́n ti ń dán ìrẹsì tuntun wò, gbogbo àdúgbò sì ti gbọ́ pé wọ́n tẹ ìrẹsì ọ̀hún lọ́dàá. Alàgbà ní òun ò lè fi ọmọ fún ẹni tó ń fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kó má lọ ràn án.

Mo ní kó tún un wí, ó sì tún un wí. Mo mọ̀ pé wọ́n ń tẹ òbúkọ lọ́dàá, mo ti gbọ́ ti ajá, ṣùgbọ́n ti ìrẹsì? Apá ibo ni ọ̀bẹ ti kàn án? Ẹ̀rín pa mí. Ìyá Délé ní òun ò pè mí pé kí n wá fi òun rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wá bá òun bá Alàgbà sọ̀rọ̀, torí ó máa ń gbọ́ ti tíṣà. Bí mo ṣe sọ fún un pé mò ń bọ̀ nìyẹn.

Ojú ọ̀run ṣẹ̀ṣẹ̀ ń funfun nígbà tí mo dé Old Garage. Àwọn ẹlẹ́kọ gbígbóná ti dáná, àwọn agbèrò sì ti ń fi orúkọ ìlú pariwo. Ọ̀kan ní ọkọ̀ Iléṣà ku ẹnì kan péré. Mo yára wọlé, mo sì bá ẹnì kan péré nínú ọkọ̀. Mo bi í pé irú ìṣirò wo nìyẹn. Ó ní òótọ́ lòun sọ, ẹnì kan ló kù torí àwọn yòókù ti bínú sọ̀ kalẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni wọ́n ń gbà. Mo san án, mo ra búrẹ́dì àti àkàrà, mo sì fẹsẹ̀ palẹ̀ títí ọkọ̀ fi kún.

Ẹni tí mo bá nínú ọkọ̀ yẹn jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó di orí ṣọ́bìrì sínú àpò. Mo bi í pé oko ló ń lọ ni. Ó ní Itagunmodi ni òun ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Bíríkìlà ni ní Ìkìrun tẹ́lẹ̀. Mo bi í bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó sì fọ̀nà rẹ̀ hàn mí: wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ títí wọ́n á fi kan yanrìn tó yẹ, wọ́n á wá fi omi odò ṣan yanrìn náà kí góòlù lè kù sísàlẹ̀. Mo béèrè pé odò náà ńkọ́. Ó wo ojú fèrèsé, ó ní odò ti dà bíi tíì onímílíìkì. Dírẹ́bà tó ń gbọ́ wa dá sí i, ó ní ẹ̀gbọ́n òun kan ń gbin ìrẹsì nísàlẹ̀ odò lágbègbè yẹn kó tó di pé ẹrẹ̀ bo oko rẹ̀, ó ti wá di ọlọ́kadà. Ó ní òun ò bínú sí àwọn awagóòlù o, àmọ́ òun ò tíì rí ẹni tó ń se góòlù jẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ò tíì rí i, owó tí òun fi ń ra ìrẹsì ni òun ń wá lọ.

Ọ̀nà Ìbòkun la gbà. Ó dára níbì kan, ó bàjẹ́ níbòmíràn, ibi tó sì ti bàjẹ́ náà ni dírẹ́bà wa ti máa ń rántí pé òun ń kánjú. Bí a ṣe ń kúrò lágbègbè Òṣogbo ni ilẹ̀ ń ga sí i. Kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lápá ọ̀tún àti òsì, òkè sì ń yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lọ́sẹ̀ náà, gbogbo ewé ti wẹ̀ mọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé ibi tútù báyìí ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ.

Ní Iléṣà, mo yà sí búkà kan kí n tó wọ ọkọ̀ mìíràn. Obìnrin tó ni búkà bi mí pé ṣé mo fẹ́ jẹ uyán. Fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ní Òṣogbo, iyán ni. Ohun tí àwa fi "i" bẹ̀rẹ̀, "u" ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ilé di ulé, iṣu di uṣu, iṣẹ́ di uṣẹ́. Iyán òwúrọ̀ kì í ṣe àṣà tiwa, ẹ̀kọ la mọ̀, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́. Ó funfun, ó sì fà, wọ́n fi ẹ̀fọ́ rírò àti ìgbín sí i fún mi. Mo yọ ìgbín sápá kan nítorí ẹ̀sìn mi, obìnrin náà sì fi ẹyin dípò rẹ̀ láìbéèrè owó míì.

Láti Iléṣà a gba ọ̀nà Àkúrẹ́, a kọjá Ìwàráàjà àti Erinmo, àwọn ọkọ̀ ńlá ń yà wá sílẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ń lé wọn. Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà wà lójú títì gan-an, àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu sì tò síbẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Mo béèrè iye tí wọ́n ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní rà á. Kò sí bí mo ṣe lè kọjá láìbéèrè. Ibẹ̀ ni Délé ti wá fi ọ̀kadà gbé mi.

Délé ti ga ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí títì, ó ní, "Mọ́mì, ẹ kú ewu ọ̀nà." Kò sọ ju ìyẹn lọ títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé abà. Nígbà náà ló sọ láìbojú wẹ̀yìn pé Fúnmi ò gbé fóònù òun mọ́ láti ọjọ́ mélòó kan, pé bàbá rẹ̀ ló gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Àánú ọmọ náà ṣe mí púpọ̀. Mo di aṣọ rẹ̀ mú dáadáa torí ọ̀nà ń yọ̀.

Ìyá Délé gbá mi mọ́ra, ó gba àpò mi, ó ní, "Ẹ jókòó, Alhaja, ulé yín rèé." Mo ní jíjókòó ò kàn, kó mú mi lọ wo ìrẹsì ọ̀hún. Ó ní mo ò tíì mumi. Mo ní bí mo bá rí ìrẹsì tán, mo máa mumi. Délé sì tẹ̀ lé wa lẹ́yìn.

Àkùrọ̀ rẹ̀ la kọ́kọ́ kàn. Koríko gbígbẹ ọdún tó kọjá ṣì wà nílẹ̀, ewé tuntun díẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ láàárín rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí i. Níwájú díẹ̀, lẹ́yìn àyè kan tí wọ́n fi sílẹ̀ láìgbin nǹkan, ni a rí ọgbà kan tí wọ́n fi wáyà yí ká. Nẹ́ẹ̀tì wà lórí rẹ̀ kí ẹyẹ má baà wọlé, ilẹ̀kùn irin rẹ̀ wà ní títì pa, pátákó funfun kan sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni: OKO IRESI ODA.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé mi nílé ẹ̀kọ́ ni mo fi ń pariwo àmì ohùn, wọ́n sì ti ń pè mí ní Ìyá Alámì. Mo sọ fún Délé pé mo ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní ẹni bá ka èyí lè pè é ní ìrẹsì ọ̀dà, bí ẹni pé wọ́n kùn ún ni. Àìfàmìsí ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Mo ní kó wá èédú fún mi. Ó lọ ṣa èédú wá, mo sì fi ọwọ́ ara mi fi àmì sí i bó ṣe yẹ, mo kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba: Ọ̀DÁ. Mo sún sẹ́yìn, mo kà á sókè, inú mi sì dùn.

Délé wo pátákó, ó wò mí. Ó ní, "Mọ́mì, bí wọ́n ṣe ń pè é gan-an nìyẹn."

Mo tún un kà. Ọ̀dá tí í ṣe kí òjò má rọ̀, ọ̀dá ni. Ọ̀dá tí í ṣe òbúkọ tí wọ́n ti tẹ̀, ọ̀dá náà ni. Lẹ́tà kan náà, àmì kan náà, ohùn kan náà. Ẹni tó kọ pátákó fẹ́ sọ pé ìrẹsì tó lè fara da ọ̀dá òjò ni, ọ̀rọ̀ tó sì yẹ ló lò. Èmi tíṣà wá fi èédú mú ẹ̀sùn náà ṣe kedere sí i. Ìyá Délé, tí kò tíì rẹ́rìn-ín láti àárọ̀, bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di wáyà ọgbà mú.

Ẹ̀rín yẹn ló mú kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde láti inú ọgbà. Dókítà Kúnlé lorúkọ rẹ̀, òun ló ń bójú tó oko náà fún ilé ìwádìí tí wọ́n ti rán an wá. Ìlú ńlá ni wọ́n ti tọ́ ọ, bó ṣe ń sọ Yorùbá ló ń wá ọ̀rọ̀ kiri, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù. Kí n tó wọlé, ó ní kí n fi bàtà mi sílẹ̀, ó sì fún mi ní bàtà rọ́bà. Ó ní bí mo bá ń jáde, wọ́n á fọ̀ ọ́ kí hóró kankan má baà bá mi lọ. Mo wọlé, mo sì bá ilẹ̀ òfìfo. N kò rí ìrẹsì kankan, àfi ewé kéékèèké tí mo pè ní koríko. Eérú dúdú ló wà ní igun kan.

Ó ní wọ́n ti kórè rẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì sun ún. Mo béèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa sun ìrẹsì. Ó ní òfin ni. Títí àwọn aláṣẹ ìjọba tó ń bójú tó irú irúgbìn bẹ́ẹ̀ yóò fi tẹ́ lọ́rùn pé kò lè pa ènìyàn tàbí ilẹ̀ lára, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ gbìn ín síta. Ó wá fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Àwòrán kan wà níbẹ̀ tó yà lásìkò tí òjò dá. Lápá kan, àkùrọ̀ Ìyá Délé pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Lápá kejì, nínú wáyà, ìrẹsì wọn tutù yọ̀yọ̀, ó nà ró. Ọjọ́ kan náà, ilẹ̀ kan náà, oòrùn kan náà.

Ìyá Délé, tó dúró sẹ́yìn wáyà, ò wo fóònù náà. Ó ní, "Mo dúró níbí lọ́jọ́ tí wọ́n dáná sun ún, Alhaja. Tèmi kú, tiwọn yè, wọ́n wá sun ún. Mo gbóòórùn rẹ̀. Òórùn ìrẹsì náà ni."

Dókítà ń wolẹ̀. Mo ní kó ṣàlàyé fún mi ohun tí wọ́n ṣe sí ìrẹsì náà gan-an, kó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọ́ fún oníbàárà mi. Ó gbìyànjú. Ó ní nínú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, àti ènìyàn àti koríko, ohun kan wà tó ń pinnu bí yóò ṣe rí, òun ni ọmọ ń jogún tó fi ń gbé imú bàbá rẹ̀ jáde. Mo ní àbùdá nìyẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àbùdá. Wọ́n mú àbùdá kan ṣoṣo lára koríko mìíràn tó mọ ilẹ̀ gbígbẹ ẹ́ gbé, wọ́n sì fi í sínú ti ìrẹsì. Mo bi í pé ṣé ìyẹn yàtọ̀ sí bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣa irúgbìn tó dára jù láti fi gbin ti ọdún tó ń bọ̀. Ó ní ó yàtọ̀, torí koríko yẹn àti ìrẹsì ò lè bímọ fún ara wọn láéláé bí ènìyàn ò bá bá wọn dá sí i. Mo fẹ́ràn pé kò fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Mo tún béèrè bóyá àgbẹ̀ yóò lè fi irúgbìn rẹ̀ pamọ́ bó bá dọ̀la, àbí yóò máa rà á lọ́dọọdún. Ó ní ìfipamọ́ ni àwọn ń gbèrò, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló máa pàṣẹ.

Délé ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí, ó ń fi ọ̀bẹ kékeré tu nǹkan nínú ilẹ̀, ó ń kó o sínú báàgì. Mo bi í pé kí ló ń tu. Ó ní ìrẹsì ni. Àwọn hóró tó bọ́ sílẹ̀ nígbà ìkórè ló ń hù látìgbà tí òjò ti rọ̀, uṣẹ́ òun sì ni láti hú gbogbo rẹ̀ kí ó tó gbèrú. Ó ní bí òun bá hú u lónìí, òmíràn á yọ lọ́la, ẹ̀yìn sì ti ń ro òun. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ewé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, aláwọ̀ ewé, ó pọ̀ nílẹ̀ bí irun orí ọmọ tuntun. Mo dìde, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ Alàgbà. Omi tí Ìyá Délé bù fún mi, orí ìrìn ni mo ti mu ún.

Ẹ̀yìn ulé Alàgbà ni mo bá a, láàárín ewúrẹ́. Àgbà tó ga ni, tó wọ gíláàsì, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́. Ó ní kí wọ́n gbé àga fún mi, ó béèrè àlàáfíà Alhaji àti ti Òṣogbo, kò sì jẹ́ kí n pẹ́ kí n tó débi ọ̀rọ̀. Ó ní òun mọ ohun tí mo bá wá, pé òun ò kórìíra Délé. Ó wá nawọ́ sí òbúkọ kan tó tóbi ju gbogbo ewúrẹ́ tó kù lọ, tí irun rẹ̀ ń dán.

"Ẹ wò ó, Alhaja. Ọwọ́ mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ewúrẹ́ tó kù rù lọ́dún tó kọjá tí kò sí koríko, òun ò rù. Nǹkan tí wọ́n bá tẹ̀, ó máa ń sanra, ṣùgbọ́n ó parí síbẹ̀ náà ni. Mo lọ síbi wáyà yẹn. Ìrẹsì gbogbo ènìyàn kú, tiwọn ń dán. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síta, wọn ò fi pa mọ́. Wọ́n ní ká má gbìn ín, ká má jẹ ẹ́. Ẹ wá sọ fún mi ibi tí mo ti ṣì í rò."

Kí n má purọ́ fún yín, mi ò rí ibì kan tó ti ṣì í rò. Mo ti múra láti kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ lórí ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ méjì, ṣùgbọ́n bó ṣe to ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀kọ́ mi ò wúlò níbẹ̀. Mo kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi dé oko náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kó má fetí sí ẹnikẹ́ni, kódà èmi. Ó rò ó títí, ó wọlé lọ mú fìlà rẹ̀.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, Délé ti hú báàgì kan kún, ó ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, Alàgbà ní kó máa bá uṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyá Délé dúró sẹ́yìn wáyà, ó fọwọ́ bo ẹnu. Alàgbà wọ bàtà rọ́bà, ó wọlé, ó tẹ̀lé Délé lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀ bó ṣe ń hú ewé lọ. Ó mú ọ̀kan nínú báàgì, ó yẹ gbòǹgbò rẹ̀ wò, ó rí èèpo hóró tó ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó yíjú sí Dókítà.

"Ta ló gbin èyí?"

"Kò sẹ́ni tó gbìn ín, sà. Ó hù fúnra rẹ̀ ni."

"Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ńkọ́?"

"Á so, sà."

"Bí ènìyàn bá wá gbin ohun tó so yẹn?"

"Òun náà á hù, sà. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ máa hú u."

Alàgbà yọ gíláàsì rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún. Ó wo pátákó tí mo ti fi èédú bà jẹ́. "Ẹ ń sanwó oṣù fún ọmọ ènìyàn kó máa lé àwọn ọmọ ìrẹsì yìí kiri, ẹ wá kọ ọ̀dá sí i lórí."

Dókítà ò kọ́kọ́ mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún un ohun tí ọ̀rọ̀ náà tún jẹ́ lédè wa, ojú sì tì í tó fi fọwọ́ gbá orí ara rẹ̀. Ó ní ọ́fíìsì lòun ti béèrè ohun tí Yorùbá ń pe ìgbà tí òjò ò bá rọ̀, ohun tí wọ́n sọ fún òun ni òun kọ. Ó bi wá pé kí wá ni kóun kọ. Mo ti fẹ́ lanu, ìmọ̀ràn tí mo ní ti tó méjì. Alàgbà ló ṣáájú mi.

"Ẹ kọ Dúródòjò," ó ní. "Ohun tí mo rí pé ó ṣe nìyẹn. Ó dúró de òjò." Ó wá fi ọwọ́ kan èjìká Délé. "N ò sọ pé màá jẹ ẹ́ o. Ìyẹn lọ́tọ̀, kí àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò yẹ̀ ẹ́ wò tán ná. Ṣùgbọ́n ìwọ, máa bọ̀ nílé lọ́jọ́ Àìkú. Fúnmi ò jẹun dáadáa láti ọjọ́ yìí, ó ti sú ìyá rẹ̀."

Délé wólẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, eruku àti ẹrẹ̀ bo gbogbo àyà rẹ̀. Ìyá Délé ò lè wọlé torí kò ní bàtà rọ́bà, ibi tó wà níta ló ti kúnlẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, n kò sì nù ún.

Mo sùn sí Abà Ọlọ́sàn, mo sì gbéra padà lọ́jọ́ kejì. Ìyá Délé fẹ́ di nǹkan fún mi bó ṣe máa ń ṣe, ó yí inú ilé ká, ó sì di ewé kókò àti ọsàn wá. Ọkọ̀ tí mo wọ̀ ní Iléṣà kún lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, a ò sì pẹ́ dé Òṣogbo. Alhaji ti se ẹ̀bà dè mí, ó le bí òkúta. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ ni mo ń rò fún un, ó sì ń da ìbéèrè bò mí débi pé mo bi í pé ta wá ni ọ̀fíntótó.

Ó béèrè ohun tí mo rí kọ́. Mo ní mo ti máa ń rò pé bí ènìyàn bá ti lo ọ̀rọ̀ tó tọ́, tó sì fi àmì sí i bó ṣe yẹ, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Mo ti rí ọ̀rọ̀ tó tọ́, tí àmì rẹ̀ pé, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé méjì ká. Nípa ìrẹsì náà, n kò mọ̀ bóyá yóò dé ṣọ́ọ̀bù mi láéláé, n kò sì mọ̀ bóyá màá fẹ́ kó dé. Mo ṣì ní ìbéèrè tó pọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbàgbé àwòrán inú fóònù yẹn, pàápàá apá ibi tó ti gbẹ.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni Ìyá Délé pè mí. Délé ti lọ sílé Alàgbà, wọ́n ti mú ọjọ́ ìdána. Ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mo ṣàdúrà fún un títí ẹnu fi fẹ́ bó mi. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bá òun ya àpò ìrẹsì mẹ́rin sọ́tọ̀ fún ìnáwó náà, èyíkéyìí tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìbáà jẹ́ ti òkè òkun, torí kò sí nílé. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, òun ló ń tà fún mi.

Ó ní, "Alhaja, èló lẹ ń tà á báyìí?"

Mo mọ iye rẹ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi. N kò lè pè é sí i létí.